Kí Ẹ Tó Pa Àtíbàbà Síwájú Ilé

Bí aboyún bá ti sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀ tán, tí tẹbí tọ̀rẹ́ sì ti kí i kú ewu, ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìkómọjáde ni ó máa ń gba gbogbo ilé kan. Ta ni yóò se oúnjẹ? Aṣọ wo ni a ó wọ̀? Àlejò mélòó ni yóò wá láti ìlú ọkọ, mélòó ni yóò sì wá láti ìlú ìyàwó? Níkẹyìn pátápátá, nígbà tí owó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lọ́wọ́ bàbá ọmọ, ni ẹnì kan yóò tó rántí béèrè pé: "Níbo gan-an ni àwọn ènìyàn yóò jókòó sí?" Ẹlòmíràn á dáhùn pé: "Ẹ sáà ránṣẹ́ sí oníkánópì." Ọ̀rọ̀ bùṣe. Kò sí ẹni tí yóò tún béèrè irú àtíbàbà tí oníkánópì yóò gbé wá, tàbí ohun tí yóò fi mú un dúró.

Ẹ̀yin ìyàwó tuntun àti ẹ̀yin ìyá ìkókó, mo fẹ́ kí ẹ gbé ìbéèrè ìkẹyìn yìí wá sí iwájú. Àtíbàbà ni òrùlé yín ní ọjọ́ náà. Abẹ́ rẹ̀ ni ẹ ó gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ jókòó sí, abẹ́ rẹ̀ náà ni ìyá ọkọ yín, àwọn òbí yín àti àwọn àgbà àdúgbò yóò wà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Òrùlé ilé tí kò dára lè jò. Ṣùgbọ́n àtíbàbà tí kò dára máa ń fò, irin ni ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó mọ orí ẹni tí yóò balẹ̀ lé.

Láyé àwọn ìyá wa àgbà, imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi ń pa á. Bí ayẹyẹ bá ku ọ̀la, àwọn ọkùnrin agbo ilé á lọ gé ọparun àti igi wá, wọ́n á gbẹ́ ihò, wọ́n á ri ẹsẹ̀ igi wọnú ilẹ̀, wọ́n á fi okùn di igi ìbú mọ́ ọn, wọ́n á sì fi imọ̀ ọ̀pẹ bo orí rẹ̀. Àtíbàbà bẹ́ẹ̀ kò lè di òjò ńlá lọ́wọ́, a kò sì parọ́ fún ara wa nípa ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ fiyè sí ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀: ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ inú ilẹ̀, orí rẹ̀ sì ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba àárín ewé kọjá. Ìjì kì í sábà gbé e. Kánópì òde òní ti yí nǹkan méjèèjì padà. Orí rẹ̀ kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá rárá, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dúró lórí ilẹ̀ lásán. Bí ẹ bá fi gbólóhùn kan yìí sọ́kàn, ẹ ti mọ ohun tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó yẹ kí ẹ wò nígbà tí ẹ bá fẹ́ yá kánópì tàbí tí ẹ bá fẹ́ rà á.

Ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹ jẹ́ kí a mú Apakun ṣe àpẹẹrẹ, ní ìjọba ìbílẹ̀ Oshodi àti Isolo, lẹ́bàá títì márosẹ̀ tí ó ti Apapa lọ sí Oshodi, níbi tí ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ti yà. Ẹni tí ó bá ti ṣe ìkómọ ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ yóò mọ bí ó ti rí. Ilé fara kan ilé. Iwájú ilé kò ju ìwọ̀n ọkọ̀ méjì lọ, gọ́tà sì wà láàárín rẹ̀ àti títì. Ibi tí kì í bá ṣe ọ̀dà, sìmẹ́ńtì ni, tàbí bíríkì kéékèèké tí wọ́n tò mọ́ra wọn. Wáyà iná sì so kọ́ lókè láti òpó dé òpó. Níbo ni ẹ ó ti rí ilẹ̀ tí ẹ ó kan èèkàn mọ́? (Ti ariwo ọkọ̀ òfurufú tún wà níbẹ̀. Alága ìjókòó tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò ti kọ́ bí a ti ń dákẹ́ díẹ̀ kí ọkọ̀ náà kọjá kí ó tó pe orúkọ ọmọ.)

Nítorí náà, kí ẹ tó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ẹ mú okùn ìwọ̀n ti aránṣọ tàbí ti káfíńtà, kí ẹ wọn iwájú ilé yín. Kánópì àkápọ̀, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣí bí àgbòòrùn, ni ó yá jù láti pa. Ènìyàn mẹ́rin lè gbé e dúró kí omi tíì tó hó lórí iná. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù fẹ̀ ní mítà 3, ó sì gùn ní mítà 3. Tábìlì róbótó kan pẹ̀lú àga mẹ́wàá yóò gbà á tán. Bí ẹ bá to àga oníke ní ẹsẹẹsẹ láìsí tábìlì, ó lè gba ènìyàn bíi 15. Èyí tí ó gùn ní mítà 6 yóò gba ìlọ́po méjì. Ẹni tí ó ń retí 100 àlejò ní láti wá àyè fún mẹ́rin nínú àwọn alámítà 6 yìí, láìka ibi tí alásè yóò wà. Ẹ má sì gbàgbé pé okùn àti ohun ìdákọ̀ró ẹsẹ̀ rẹ̀ náà ń gba àyè. Ẹ fi mítà kan sílẹ̀ fún wọn ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọdé tí ń sáré yóò ta lé okùn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé ojú sókè. Ṣóńṣó orí kánópì àkápọ̀ máa ń ju mítà 3 lọ, ti onípáìpù tí wọ́n ń to pọ̀ sì lè ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wáyà iná òpópónà wa máa ń dẹ̀ sílẹ̀ ní àárín òpó méjì. Irin, omi òjò àti wáyà kò gbọdọ̀ pàdé. Bí ó bá jẹ́ pé ibi tí wáyà gbà kọjá nìkan ni àyè wà, ẹ má pa àtíbàbà síbẹ̀, ì báà jẹ́ pé olówó ilé ni ó fún yín láyè.

Ti òfin náà ńkọ́? Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kò fàyè gba kí ènìyàn dédé dí títì nítorí àríyá. Àṣẹ ni a ń gbà, ẹ sì tètè lọ béèrè lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ àti àgọ́ ọlọ́pàá kí ọjọ́ tó pé. Bí ẹ bá tilẹ̀ gba àṣẹ, ẹ fi ọ̀nà sílẹ̀ tí ọkọ̀ kan lè gbà kọjá. Aboyún ilé kejì lè bẹ̀rẹ̀ ìrọbí ní ọjọ́ ìkómọ yín.

Ìwúwo ẹsẹ̀ rẹ̀

Mo mọ̀ pé àwọ̀ ni ojú obìnrin kọ́kọ́ ń lọ sí. Kò burú. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó béèrè bóyá ó bá aṣọ ẹbí mu, ẹ béèrè ohun tí wọn yóò fi dì í mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀, nítorí ẹni tí ó lè ṣírò owó ọjà lè ṣírò èyí pẹ̀lú. Bí afẹ́fẹ́ tí ń sáré ní kìlómítà 60 láàárín wákàtí kan bá wọ abẹ́ kánópì oní-mítà 3 sí 3, agbára tí yóò fi máa tì í sókè lè tó ìwúwo 150 kílò. Àpò ìrẹsì ńlá mẹ́ta nìyẹn. Kánópì fúnra rẹ̀ kì í sábà wúwo ju 25 tàbí 30 kílò lọ. Kẹ́ẹ̀gì omi lítà 25 tí ó kún wúwo ní 25 kílò. Bí ẹ bá so ẹyọ kan mọ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 100, ẹ fi 25 ti kánópì kún un, ó di 125. Kò tíì tó. Kẹ́ẹ̀gì méjì-méjì ni ó yẹ kí ó wà ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tàbí àpò ìrẹsì tí a bu yanrìn dé ìdajì, tàbí ike ọ̀dà lítà 20 tí a ti da kọnkéré sí, èyí tí yóò wúwo tó 48 kílò. Ohun mìíràn tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ nìyí: bí eré afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ kì í di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni ó ń dì. Ìdí nìyí tí kánópì tí ó dúró ṣinṣin láti àárọ̀ fi lè ṣí lọ ní ìṣẹ́jú kan.

Ibi tí a so ẹrù náà mọ́ ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń pa kánópì máa ń gbé òkúta lé àtẹ́lẹsẹ̀ irin lásán. Afẹ́fẹ́ á tì í lẹ́ẹ̀kan, òkúta á yí dànù. Ẹ ní kí wọ́n fi okùn so ẹrù náà mọ́ igun òkè, níbi tí ẹsẹ̀ ti pàdé òrùlé, kí okùn náà sì fà tantan dé ìsàlẹ̀. Ẹ má gbà kí wọ́n so ó mọ́ òpó iná, ẹ má sì gbà kí wọ́n so ó mọ́ ògiri búlọ́ọ̀kù tí ẹnì kan kàn tò láìfi irin sí i. Ògiri náà yóò wó tẹ̀lé e.

Ẹ̀yin náà ti rí ohun tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin wa máa ń ṣe nígbà tí ìjì bá dé bá àríyá: wọn á sáré lọ di ẹsẹ̀ kánópì mú, ẹnì kan ní igun kọ̀ọ̀kan, wọn á máa pariwo. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ má gbà fún wọn. Ọkùnrin mẹ́rin kò lè bá ìjì jà, irin tí wọ́n sì dì mú nígbà tí àrá ń sán kò dára fún wọn. Kíká ni kí wọ́n ká a kí ìjì tó dé. Oore kan ṣoṣo tí kánópì àkápọ̀ fi ju onípáìpù lọ nìyẹn: bí a ti tètè pa á, bẹ́ẹ̀ ni a lè tètè ká a. Ní ilẹ̀ Austria, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, ìjì wó àtíbàbà ńlá kan lé àwọn tí ń ṣe àríyá lórí ní alẹ́. Ènìyàn méjì kú, ọ̀pọ̀lọpọ̀ sì fara pa. 

Ìgbà wo ni ó yẹ kí ẹ bẹ̀rù jù? Ní Èkó, òjò máa ń pọ̀ jù ní oṣù Kẹfà, ó ń dẹwọ́ díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, ó sì tún ń padà ní oṣù Kẹsàn-án àti Ìkẹwàá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgbà tí òjò pọ̀ jù ni ìjì le jù. Ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ìgbà òjò ni, láti oṣù Kẹta dé Ìkarùn-ún, àti ní nǹkan bí oṣù Kẹwàá. Ìlà-oòrùn ni irú ìjì bẹ́ẹ̀ máa ń ti wá. Bí ẹ bá rí i tí ọ̀run ṣú dúdú ní ìhà ìlà-oòrùn, tí afẹ́fẹ́ sì dákẹ́ lójijì, ẹ kò ní àkókò púpọ̀ mọ́. NiMet, àjọ tí ń wo ojú ọjọ́ fún ilẹ̀ wa, máa ń kéde bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí. Ẹ gbọ́ tiwọn ní alẹ́ tí ó ṣíwájú, kí ẹ sì gbé ọmọ àti àwọn arúgbó sínú ilé kí ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ tó já.

Omi, aṣọ àti àwọ̀

Òjò tí kò ní ìjì náà ní tirẹ̀. Bí aṣọ òrùlé bá rọ̀ sílẹ̀, omi á gbára jọ sí i bí ẹni pé inú abọ́ ni. Ibi tí ó jìn ní ìka mẹ́rin tàbí márùn-ún péré, tí ó sì fẹ̀ ní mítà kan sí mítà kan, lè gba 100 lítà omi. Ìwúwo rẹ̀ jẹ́ 100 kílò, òkè orí àlejò yín ni ó sì wà. Páìpù tí kò nípọn á tẹ̀. Nítorí náà, ẹ yan èyí tí orí rẹ̀ ga ṣóńṣó dáadáa, tí aṣọ rẹ̀ sì fà. Ẹ yan ẹnì kan tí yóò máa fi ìdí ìgbálẹ̀ tí a fi aṣọ wé ti omi náà sókè, kí ó máa dà sí ìta. Kí ó kọ́kọ́ wo ẹni tí ó jókòó sí etí rẹ̀ o.

Ibi tí kánópì méjì ti pàdé ni ó máa ń ba aṣọ olówó iyebíye jẹ́ jù. Omi ti ọ̀tún àti omi ti òsì á pàdé láàárín, wọ́n á sì ya lu ẹni tí ó jókòó síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí bí ẹ bá fi kánópì ṣe àfikún ilé, tí ẹ gbé e sún mọ́ páánù òrùlé. Oníkánópì tí ó mọ iṣẹ́ máa ń ní aṣọ gbọọrọ tí ó ń dè sí àárín wọn bíi gọ́tà. Ẹ béèrè rẹ̀. Bí kò bá ní in, ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín kánópì méjèèjì, kí ẹ má to àga sí i.

Ní ti aṣọ, oríṣi mẹ́ta ni ẹ ó sábà rí. Tapólìn oníke tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó pọ́ọ́kú jù. Oòrùn máa ń tètè gé e, ó sì ń pariwo nínú afẹ́fẹ́. Èyí tí ó dà bí aṣọ àgbòòrùn fúyẹ́, ó sì dára fún kánópì àkápọ̀, ṣùgbọ́n ojú rírán rẹ̀ ni omi ń gbà wọlé. Èyí tí ó nípọn, tí a fi rọ́bà bò lójú méjèèjì, ni ó ń di òjò lọ́wọ́ jù, ó sì wúwo. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ta ojú rírán rẹ̀ sórí àga méjì, ẹ bu omi sí i, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ tún fi iná tọ́ọ̀ṣì yẹ̀ ẹ́ wò láti ẹ̀yìn. Ihò kéékèèké tí ojú lásán kò rí yóò tàn bí ìràwọ̀. Oníkánópì lè bínú sí yín díẹ̀. Ẹ bẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì máa bá iṣẹ́ yín lọ.

Wàyí o, a dé orí àwọ̀. Funfun ni mo fara mọ́ jù, kì í sì í ṣe nítorí ẹwà. Ó ń dá oòrùn padà, abẹ́ rẹ̀ kì í móoru bíi ti aláwọ̀ dúdú tàbí aláwọ̀ aró, ó sì ń jẹ́ kí ojú ènìyàn hàn bí Ọlọ́run ti dá a. Èyí já mọ́ nǹkan púpọ̀ fún ìyá ìkókó. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ titun ni ojú àti ara wọn máa ń pọ́n ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ti òmíràn máa ń lọ fúnra rẹ̀, ti òmíràn sì lè le dé ibi tí yóò ba ọpọlọ ọmọ jẹ́ bí a kò bá tètè tọ́jú rẹ̀. Lábẹ́ àtíbàbà aláwọ̀ òféèfèé, gbogbo ọmọ ni yóò dà bí ẹni tí ara rẹ̀ pọ́n. Lábẹ́ aláwọ̀ aró, ẹ lè má rí i rárá. Ẹ gbé ọmọ sí ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run kí ẹ wo ẹyinjú rẹ̀, kí ẹ sì tẹ awọ iwájú orí rẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá pọ́n bí òyìnbó ṣe ń pe ẹyin àárín, ilé ìwòsàn ni ẹ ń lọ, kì í ṣe orí àga àríyá. Níwọ̀n bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí, ẹ má fi káńfọ̀ sínú àpò tí ẹ ń kó aṣọ kánópì tàbí aṣọ ọmọ pamọ́ sí. Àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò lè gba òórùn káńfọ̀, òun gan-an sì ni ó máa ń mú kí ara wọn pọ́n lọ́nà tí ó léwu. Àwọn dókítà wa ti ń kìlọ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́.

Iná àti èéfín

Àwọn ìyá wa tí wọ́n ti lọ sí Mẹ́kà mọ Mínà, níbi tí àgọ́ funfun ti tẹ́ lọ bí òkun. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 1997, iná sọ níbẹ̀, afẹ́fẹ́ sì gbé e láti àgọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Àgọ́ bíi 70,000 ni ó jóná, àwọn arìnrìn-àjò mímọ́ tí ó kú sì lé ní 300. Lẹ́yìn èyí ni ìjọba ilẹ̀ Saudi fi àgọ́ tí iná kì í tètè ràn rọ́pò wọn. Kánópì tí ẹ ń yá ní Apakun kò rí bẹ́ẹ̀. Oníke ni, iná á ràn án, yóò sì máa kán tòò-tòò sórí ènìyàn. Nítorí náà, àdógán, ààrò igi àti sítóòfù gáàsì kò gbọdọ̀ sí lábẹ́ rẹ̀, ì báà jẹ́ pé òjò ń rọ̀ sí alásè lórí. Ẹ wá páánù bo ìyá alásè lọ́tọ̀, ní ibi tí afẹ́fẹ́ kò ní fẹ́ iná rẹ̀ sọ́dọ̀ yín.

Jẹnẹrétọ̀ tún burú ju iná lọ, nítorí pé ènìyàn kì í rí ìpalára rẹ̀. Afẹ́fẹ́ olóró tí ó wà nínú èéfín rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Orí fífọ́, òòyì àti èébì ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀, àwọn ènìyàn á sì rò pé ìrẹsì ni kò bá àwọn lára mu. Ọmọ ìkókó kò lè sọ pé orí ń fọ́ òun. Ẹ gbé e jìnnà tó mítà 6 ó kéré tán, kí ẹnu èéfín rẹ̀ kọjú sí ìta, kí ó má sì sí lábẹ́ fèrèsé yàrá ẹnikẹ́ni. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ fi aṣọ dí ẹ̀gbẹ́ kánópì nítorí òjò, ẹ pa á pátápátá. Ní ti èédú tí àwọn kan máa ń dáná sí lábẹ́ àgọ́ nígbà òtútù, bákan náà ni.

Kí ẹ yá a ni, àbí kí ẹ rà á?

Fún ìkómọ kan ṣoṣo, yíyá ni ó tọ́. Onípáìpù ńlá ń gba ènìyàn púpọ̀, àwọn tí ó ni ín ni yóò pa á, àwọn ni yóò sì kó o lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àdéhùn yín hàn gbangba. Ta ni yóò dúró tì í títí àríyá yóò fi parí? Bí ó bá ya, owó ta ni? Àárọ̀ ni wọn yóò pa á ni, àbí alẹ́ tí ó ṣíwájú? Bí alẹ́ ni, ta ni yóò ṣọ́ ọ? Ẹ má sì gbà kí wọ́n dá ihò sí ọ̀dà títì nítorí èèkàn. Ihò náà yóò wà níbẹ̀ títí òjò tí ń bọ̀, ẹ̀yin ni àdúgbò yóò sì máa fi bú.

Rírà wúlò fún àwọn tí wọ́n bá pọ̀. Bí ìyàwó mẹ́fà tàbí mẹ́jọ nínú ilé kan bá dá àjọ, tí wọ́n ra kánópì àkápọ̀ méjì tí ó dára, wọn yóò lò ó fún ìsọmọlórúkọ, ọjọ́ ìbí, ìpàdé ẹgbẹ́, àti títa ọjà níwájú ilé. Ẹ ṣírò owó tí ẹ̀yin mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ fi yá kánópì ní ọdún méjì sẹ́yìn, ìdáhùn á yọ sí yín. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ fi owó sí. Èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò nípọn ju ìka méjì tí a pa pọ̀ lọ kì í pẹ́ tẹ̀; ẹ wá èyí tí ó nípọn tó mìlímítà 40 sókè, kí ẹ ṣí i, kí ẹ pa á dé ní ẹ̀ẹ̀mẹta nínú ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ sì mi orígun rẹ̀ dáadáa. Bí oríkèé irin rẹ̀ bá ń dún wòrò-wòrò nígbà tí ó ṣì jẹ́ tuntun, ẹ fi í sílẹ̀ fún olówó rẹ̀. Kí ẹ sì ti mọ ibi tí yóò máa gbé nínú ilé alágbàlá tóóró yín kí ẹ tó gbé e dé, nítorí mo ti rí ìjà tí ó ti ọ̀rọ̀ kọ́rídọ̀ wá.

Ẹ tún lè gbé e lọ sí etíkun Badagry tàbí Tarkwa Bay ní ọjọ́ ìsinmi pẹ̀lú àwọn ọmọ. Èèkàn kúkúrú kì í mú nínú yanrìn etíkun. Ẹ bu yanrìn kún àpò, ẹ so okùn mọ́ ọn, kí ẹ sin ín jìn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, yóò dúró. Atẹ́gùn òkun lágbára ní ọ̀sán, nítorí náà ẹ dín gíga ẹsẹ̀ rẹ̀ kù, kí ẹ má sì so aṣọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ìhà òkun.

Bí ẹ bá padà dé, ẹ fi omi tútù ṣan iyọ̀ òkun kúrò lára irin, kí ẹ nu ún gbẹ, kí ẹ fi òróró díẹ̀ pa oríkèé rẹ̀. Ní ti aṣọ, ẹ má ká a ní tútù sínú àpò, ì báà jẹ́ pé alẹ́ ti lẹ́, tí ó sì ti rẹ gbogbo ènìyàn. Láàárín ọjọ́ méjì yóò bu, kò sì sí ọṣẹ tí yóò tún mú òórùn rẹ̀ kúrò pátápátá. Ẹ ta á sórí okùn ní bákónì mọ́jú, kí ẹ yí i padà ní àárọ̀ kí oòrùn tó mú, kí ẹ tó wá ká a.